Aṣọ Ìrìnàjò Màmá

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ yàrá rọrùn, ì bá wá sí Dópẹ̀mú lọ́jọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yẹn, kó wá wo Kaothar. Orí àga onígi ló dúró sí, ìṣó mẹ́ta wà lẹ́nu rẹ̀, hámà tó yá lọ́wọ́ Job tí yàrá wọn jọ kángun síra wà lọ́wọ́ rẹ̀, iyanrìn ara ògiri sì ń dà sórí ìborùn rẹ̀ wìrìwìrì. Ìṣó kẹrin ló ti tẹ̀ yẹn. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Bó bá nà án padà, á tẹ̀ sósì. Níta, gbogbo àdúgbò ń gbálẹ̀, wọ́n ń kó gọ́tà, nítorí ìjọba ológun ti ní kí ẹnikẹ́ni má rìn lójú títì títí aago mẹ́wàá àárọ̀ fi máa lù.

“Ó rọrùn!” Kaothar sọ fún ògiri. “Wọ́n ní ó rọrùn!”

Job fìkúùkù lu ògiri láti òdìkejì. “Ìyá Fatimah, ẹ jọ̀ọ́ o! Díńgí mi ti já bọ́!”

Kaothar tún gbá ìṣó náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tó ti rí i pé ó rọrùn, ara ìwé ni. Abala kan ni, tí wọ́n ya lára ìwé ìròyìn àwọn obìnrin, tí ìyá oníẹ̀pà fi wé ẹ̀pà fún un. Nígbà tí Kaothar jẹ ẹ̀pà tán ló rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lédè gẹ̀ẹ́sì: bí èèyàn ṣe lè sọ yàrá rẹ̀ dọ̀tun ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, láìná nǹkan kan, ohun tó wà nílé nìkan ni kó lò. Fọ́tò màdáàmù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wọ bàtà gogoro, ó di hámà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàtà gogoro! Ta ló ń wọ bàtà gogoro kan ìṣó? Láti ọjọ́ Wẹ́sìdé tí Kaothar ti ń bá yàrá yìí jà, màdáàmù inú ìwé ò jáwọ́ nínú ẹ̀rín, Kaothar sì ti kórìíra rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jẹ́ orogún.

Kì í ṣe afẹ́ ló ń ṣe o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Kaothar fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa yẹ aṣọ wò bó ṣe ń ti orí ẹ̀rọ bọ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣì, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sí i lára, ó di rìjẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ojú Kaothar mú, kò sí rìjẹ́ẹ̀tì tó lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí òwú di ọ̀wọ́n, tí ẹ̀rọ méjì nínú mẹ́ta dákẹ́, wọ́n ní kí ogójì obìnrin máa lọ sílé. Wọ́n kó ìdì rìjẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan fún wọn dání pé kí wọ́n má bínú. Kaothar tú tiẹ̀ nílé, ó sì rí ìlà ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ ara rẹ̀ lára wọn. Aṣọ olódòdó ni. Òdòdó wà lápá ọ̀tún, ewé tó yẹ kó gbé e dání wà lápá òsì, àwọn méjèèjì ò sì mọra wọn rí.

Ọkọ rẹ̀, Teslim, wà ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Ìlúpéjú, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń pè é lọ́sẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló ti sọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò létí Kaothar mọ́.

“Tí nǹkan ò bá yí padà kóṣù yìí tó parí,” ó ní, “ìwọ àti Fatimah á bá Màmá padà lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lọ máa wà níbẹ̀ ná.”

“Ná” yẹn gan-an ló ń ba Kaothar lẹ́rù. Agége ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, kò mọ ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sì ti rí bí “ná” ṣe máa ń rí. Ìyá Moses tó wà ní yàrá iwájú, “ná” náà ni wọ́n fi rán an lọ sílé ní ọdún 1987. Ọdún kejì rèé, obìnrin mìíràn ló ń da omi ẹ̀wà sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà báyìí.

Ìyá Teslim, Màmá Sùlíyá, ti wà lọ́dọ̀ wọn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ló wá tọ́jú ní Ìkẹjà. Ojú ti ń sàn, àmọ́ Màmá ò tíì lọ. Òun ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, Kaothar àti Fatimah wà lórí ẹní, Teslim sì máa ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ gba abẹ́ tábìlì. Ọjọ́ tí Màmá dé, àpótí onípáànù kan ló gbé lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi, bá mi tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,” ó ní. “Aṣọ ìrìnàjò mi wà nínú ẹ̀. Má jẹ́ kọ́mọdé fọwọ́ kàn án o.”

Inú Kaothar dùn lọ́jọ́ náà. Àlejò tó ń ronú àtipadà lọ lọ́jọ́ tó dé, àlejò tó mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ohùn dídùn: “Màmá, ìrìnàjò yín ńkọ́? Ó ti kù bí ọjọ́ mélòó?” Màmá á tún gèlè orí rẹ̀ dì. “Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n,” ni yóò wí. Lọ́jọ́ kan Kaothar tiẹ̀ ní kí òun bá a sá aṣọ ìrìnàjò náà sóòrùn, kó lè ti wà ní sẹpẹ́. Màmá ní rárá, ó ti gbẹ. Lẹ́yìn tí Teslim sọ ọ̀rọ̀ “ná” yẹn, Kaothar ò fẹ́ ìrìnàjò náà mọ́, ṣùgbọ́n kò yé béèrè. Ó fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó kù fún òun.

Àárín ìdààmú yìí ló pàdé Alhaja Dàwódù lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Alhaja ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ó sì mọ Kaothar dáadáa nígbà tó fi ń yẹ aṣọ wò.

“Wọ́n ní àwọn kan nínú yín ti ń ṣe yàrá ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí,” Alhaja ní. “Ọmọ mi obìnrin ń relé ọkọ.”

“Èmi ni, Alhaja,” Kaothar dáhùn kíá. “Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.”

Irọ́ ni. Kò ṣe yàrá ìyàwó kankan rí, yàrá tòun gan-an kò ní ju aṣọ àlòkù kan tí wọ́n ta mọ́ ojú fèrèsé lọ.

“Ó dáa. Màá wá wo tìẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn alásárì. Ẹni tí yàrá tiẹ̀ bá rí wúruwùru, mi ò lè gbé tọmọ mi fún un. Tó bá dáa, àwa ìyá ìyàwó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa o.”

Ohun tí gbogbo jàgídíjàgan yìí dá lé nìyẹn. Tí Alhaja bá fún un níṣẹ́, Kaothar ti níṣẹ́ l'Ékòó, kò sí ẹni tó máa rán an lọ síbì kankan. Bí kò bá fún un, Ògbómọ̀ṣọ́ yá.

Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí. Ìpele kìíní nínú ìwé ni pé kó gé páálí, kó fi aṣọ bò ó, kó kàn án sókè fèrèsé láti fi bo irin kọ́tìnnì. Kaothar po ẹ̀kọ gbágùúdá, ó fi lẹ aṣọ mọ́ páálí, ó dára gan-an. Ní ọ̀la rẹ̀, eku ti jẹ ẹ̀kọ náà tán, ó sì fi páálí sílẹ̀ fún un. Ìpele kejì ni pé kó to ìdérí ìgò mọ́ ara díńgí yíká. Ìdérí mọ́kànlélógójì ló tò. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, méjì á já bọ́. Bí wọ́n bá tì í, mẹ́ta á já bọ́. Ìpele kẹta, kó dá ihò sára agolo mílíìkì, kó gbé e bo gílóòbù iná, ara ògiri á máa tàn bí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ kẹ̀! NEPA ò mú iná wá láti Tọ́sìdé, ta ni yóò mọ̀ bóyá ó ń tàn tàbí kò tàn? Fatimah ọmọ ọdún márùn-ún ló sọ òótọ́ tó wà nílẹ̀. “Màámi, agolo mílíìkì ló wà lókè yẹn.”

Títí ilẹ̀ Sátidé fi ṣú, ìṣó méjì péré ló dúró. Kaothar jókòó sílẹ̀, ó fẹ́ sunkún, àmọ́ inú tó ń bí i ò jẹ́ kí omijé rọ́nà. Ọwọ́ ló ń ta á, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, yàrá náà sì burú ju bó ṣe rí ní Wẹ́sìdé lọ.

Ó kù ìpele kẹrin. “Wá aṣọ funfun kan tó ti pẹ́ nílé,” ni ìwé wí, “èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Òun ni yóò gbé gbogbo ọ̀ṣọ́ yàrá rẹ yọ.” Ìpele karùn-ún ti bá epo ẹ̀pà lọ, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Kaothar ní aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun kan nígbà kan. Fatimah ló fi ṣe ìlédìí tán.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Màmá lọ sí àsàlátù, láti ibẹ̀ ó ní òun á yà kí ará ìlú òun kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Teslim tẹ̀ lé e, ó mú Fatimah dání. Kaothar nìkan ló kù pẹ̀lú yàrá tí kò gbọ́ràn. Ó ń gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìgbálẹ̀ kan àpótí onípáànù. Ó dúró. Ó fà á jáde, wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni.

Àdìrẹ ìró àti bùbá ló wà lókè, wọ́n ká a dáadáa pẹ̀lú gèlè àti sálúbàtà tuntun. Aṣọ ìrìnàjò Màmá rèé, Kaothar wí lọ́kàn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kó má baà rún. Wọ́n ní kọ́mọdé má fọwọ́ kàn án, òun kì í ṣọmọdé, òun sì tún tọ́jú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá kan wà, nínú ọ̀rá náà ni aṣọ funfun báláú kan wà, ó gùn, ó fẹ̀, kò tíì rí abẹ́rẹ́ rí. Ó ń ta òórùn káfúrà. Kaothar rò pé nítorí kòkòrò ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, ẹ ti lè máa pariwo báyìí. Kaothar ò gbọ́ yín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lóòótọ́, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè. Ṣùgbọ́n Màmá ò sí nílé, alásárì ń bọ̀, ìwé sì sọ ọ́ kedere: tó ti pẹ́ nílé, tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ó ní tí iṣẹ́ bá ti bọ́ sí i, òun á ra méjì irú rẹ̀ fún Màmá. Ó mú sísọ́ọ̀sì.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tirẹ̀. Ó gé ìdajì aṣọ náà fún kọ́tìnnì, ó fi èyí tó kù ṣe ìbòrí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tí kò sí nínú ìwé. Ó kó rìjẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó gé òdòdó jáde lọ́tọ̀, ó gé ewé jáde lọ́tọ̀, ó wá rán wọn mọ́ aṣọ funfun náà, ewé sábẹ́ òdòdó, bó ṣe yẹ kó rí láti ilé iṣẹ́. Àfọwọ́rán ni gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún un níka lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò bìkítà. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àìlá ní mọ́ṣáláṣí, òdòdó mẹ́tàlá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n ń pe alásárì, ó ta kọ́tìnnì mọ́ ìṣó méjì àná, oòrùn sì wọlé gba ara rẹ̀. Kaothar sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wo yàrá rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀. Yàrá náà dára.

Alhaja Dàwódù ò pẹ́. Ó wọlé, ó wòkè, ó wolẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ pa àwọn òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìwọ lo fọwọ́ rán èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Rìjẹ́ẹ̀tì yìí náà ni wọ́n gbé wá fún mi tí mo ní mi ò rà!” Alhaja rẹ́rìn-ín. “Kaothar, o gbọ́nṣẹ́. Bá mi nílé lọ́jọ́ Túsìdé. Ìdí bẹ́ẹ̀dì ni wàá ti bẹ̀rẹ̀.”

Orí ìkúnlẹ̀ ìdúpẹ́ ni Kaothar wà tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí ìdérí ìgò méjì já bọ́, tí Màmá wọlé ṣáájú Teslim àti Fatimah. Màmá kí àlejò, àlejò kí i. Ojú rẹ̀ kò tíì ríran dáadáa, nítorí náà ó rìn lọ bá kọ́tìnnì, ó gbá etí rẹ̀ mú, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì gbé e súnmọ́ imú.

“Ìyàwó mi,” ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, “aṣọ ìrìnàjò mi rèé.”

“Rárá o, Màmá!” Kaothar ń rẹ́rìn-ín. “Mo tọ́jú aṣọ ìrìnàjò yín. Àwọn rèé lórí tábìlì, mi ò jẹ́ kó rún.”

Màmá wo àdìrẹ náà. “Ìyẹn ni mo fi ń re Ògbómọ̀ṣọ́,” ó ní.

Alhaja gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Bó ṣe fò dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó rò pé iná jó o ni.

“Káfúrà! Lìkáfánì ni! Aṣọ ìsìnkú ni mo jókòó lé!” Ó kọjú sí Màmá. “Màmá, ṣé láti Mẹ́kà ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi rì í bọ omi mímọ́ sámúsámù níbẹ̀,” Màmá ní. “Ọdún kọkànlá rèé. Òun náà ti lọ.”

Kaothar ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀.

“Mi ò bínú sí ẹ, Kaothar,” Alhaja ní, ó ti ń wọ bàtà rẹ̀. “Mo mọ̀ pé àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó rán lìkáfánì di ìbòrí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè mú un wọ yàrá ìyàwó. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sọ́mọ mi lọ́la, kí ni màá sọ? Fi orí jì mí.”

Kaothar sáré tẹ̀ lé e dé àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní òun á fọ ọwọ́, òun á fi aṣọ mìíràn ṣe é. Alhaja ò wẹ̀yìn. Job yọjú, ó rí ojú Kaothar, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

Bó ṣe padà wọlé, gbogbo ìbínú láti Wẹ́sìdé ru bo Kaothar lójú. Ó fa abala ìwé náà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, pẹ̀lú ẹ̀rín màdáàmù rẹ̀. Ó bú ìṣó, ó bú eku, ó bú Sáàpù àti àwọn tó gbé e wá. Nígbà tí kò rí ohun tó máa bú mọ́, ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ pè é ní aṣọ ìrìnàjò? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Kí ni kí n sọ?” Màmá jókòó sórí àga onígi. “Kí n wọlé tọmọ mi, kí n sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mo gbé ikú mi dání wá? Mo ṣáà rò pé o mọ̀ ni. Ìwọ lo ń bi mí.”

“Kí ni mò ń bi yín?”

“Ìrìnàjò. Pé ó ku ọjọ́ mélòó.” Màmá ò gbé ohùn sókè. “Mo ní, háà, ọmọ yìí láyà o. Ọjọ́ tó o ní kó o bá mi sá a sóòrùn kó lè ti wà ní sẹpẹ́, mi ò lè jẹun alẹ́.”

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Pẹ̀lú ohùn dídùn. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo ojú Màmá mọ́. Ó kó ìbòrí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì wálẹ̀, ó wá abẹ bíléèdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òdòdó kúrò lára aṣọ náà, òwú kan tẹ̀ lé òmíràn, omijé tó kọ̀ láti wá ní Sátidé wá ń dà sí i lára. Àwọn òdòdó ń já sílẹ̀, àwọn ewé ń já sílẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó tú u tán, Màmá gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó ti di méjì. Ihò abẹ́rẹ́ kún ara rẹ̀ káàkiri, oòrùn ń gba inú wọn yọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” Kaothar ní, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. “Ẹ má lọ o. Ẹ ṣáà jókòó tì wá.”

“Kí n lọ síbo?” Màmá ní. “Aṣọ wo ni mo fẹ́ wọ̀ lọ?”

Ó ká aṣọ náà bó ṣe rí, ó dá a padà sínú àpótí. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú àdìrẹ náà, gèlè àti sálúbàtà, ó kó wọn lé e lórí, ó tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ Kaothar.

“Tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,” ó ní. “Bí ọkọ rẹ bá dé, tó bá ń dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ fún wa, sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ò láṣọ ìrìnàjò mọ́.”